Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́kọ́ Lé Akátá Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọjà Gbàǹjo Inú Fóònù

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa dìde, ó ní òun ní ẹjọ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Gàrí ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira iṣẹ́ aránṣọ, ìyá sì ń wá maṣíìnì fún un. Ó rí àwòrán maṣíìnì kan lórí Facebook. Wọ́n ní gbàǹjo ni, pé àwọn aṣọ́bodè ló gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà ní èbúté Lomé, pé ẹni tó bá tètè san owó ló máa gbé e. Ó fi 60.000 faransi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó ku 25.000 owó ọkọ̀ tó máa gbé e wá sí Atakpamé. Ó san án. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ó ku 40.000 owó ìwé àti òǹtẹ̀. Ó yá owó yẹn lọ́wọ́ alájọ, ó san án. Láti ìgbà náà, fóònù wọn kò lọ mọ́. 125.000 faransi ti wọmi.

Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Tógò fọwọ́ sí, tí a ń pè ní SMIG, 52.500 faransi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Owó tí ìyá yìí pàdánù ní ọjọ́ mẹ́ta ju owó oṣù méjì lọ.

Kí ni àwa wá ṣe? Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fún ara wa. A rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ojúkòkòrò ni." Ẹnì kejì ní, "Ta ló rán an lọ sórí Facebook?" Ẹnì kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìmọ̀ràn fún un bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ fún ọmọ ilé-ìwé. Ìyá yìí jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kò tíì padà wá sí ìpàdé láti ìgbà yẹn. Ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìwé yìí.

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. Ọ̀rọ̀ tiwa ti wá dorí kodò. Akátá ń gbé adìẹ lọ lójú wa, adìẹ la sì ń nà.

Ẹ gbọ́ ná. Gbàǹjo kì í ṣe ohun burúkú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn bàbá wa mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá fẹ́ ta ẹrù onígbèsè, tàbí ẹrù tí olówó rẹ̀ kò wá gbà, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo ní gbangba, ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń gbé e lọ. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n gbé e sórí rẹ̀. Ní 1995, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pierre Omidyar dá ọjà gbàǹjo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí eBay lónìí. Ẹni tó wà ní ìlú kan á ta ọjà fún ẹni tí kò rí rí, ọjà á sì dé.

Ẹ wá wo ìyàtọ̀. Nínú gbàǹjo tòótọ́, iye owó ń gòkè ni. Àwọn èèyàn ń bá ara wọn du ọjà, gbogbo wọn sì ń rí ara wọn. Gbàǹjo tí wọ́n ní ìwọ nìkan ni orí rẹ bá a ṣe, tí iye rẹ̀ dúró sísàlẹ̀ tó ń dúró dè ọ́, tí wọ́n ní o gbọ́dọ̀ san án kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn kì í ṣe gbàǹjo. Gbájúẹ̀ ni.

Àwọn ará wa ní Nàìjíríà ti rí èyí ṣáájú wa. Ní 2017, iléeṣẹ́ aṣọ́bodè Nàìjíríà gbé gbàǹjo tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ dá sí i gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìsanwó-orí. Ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì kò dúró. Wọ́n ń gbé àwòrán ọkọ̀ àti ìrẹsì sórí Facebook àti WhatsApp, wọ́n á fi àwòrán ọ̀gá aṣọ́bodè tó wọ aṣọ iṣẹ́ kún un, wọ́n á ní àwọn ní ọ̀nà ẹ̀yìn. Àìmọye ìgbà ni iléeṣẹ́ náà ti kìlọ̀ fún ará ìlú pé àwọn kì í ta ọjà báyẹn. Jìbìtì kan náà ló ti sọdá ẹnubodè wá bá wa, tó wá ń lo orúkọ èbúté Lomé. Àwa tí a jẹ oyè iṣẹ́ ìjọba títí a fi fẹ̀yìn tì, ẹ gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu wa: owó ìjọba ní ìwé tirẹ̀, ó ní nọ́ńbà, ó ní òǹtẹ̀, ó ní "quittance". Ìjọba kì í gba owó sórí fóònù Kọ́jó tàbí ti Àfí.

Àwọn kan nínú wa á wá ní, "Ṣé ẹ rí i? Ẹ má ra nǹkan kan nínú fóònù mọ́." Rárá o. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n. Fóònù ló ń jẹ́ kí aránṣọ kan ní Gnagna mọ iye tí òwú jẹ́ ní Lomé kó tó wọkọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹni tó wà ní Djama tàbí Woudou rí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tí kò sí ní ọjà wa. Ẹni tó bá ní kí a padà sẹ́yìn ń sọ pé kí àwọn ará Lomé nìkan máa jẹ àǹfààní, kí àwa máa wò. A kò gbà.

Ohun tí a ń bèèrè ni pé: ta ni olórí ọjà yìí?

Ọjà tí a mọ̀ ní olórí. Ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ta ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ fún ọ, o mọ ìsọ̀ rẹ̀, o mọ ẹni tí wàá lọ bá. Láyé àtijọ́, ní Abẹ́òkúta àti láwọn ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn Pàràkòyí ló ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò. Wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ oníṣòwò, wọ́n ń ba ẹni tó bá rẹ́ni jẹ wí, kó má bàa di pé àlejò á bẹ̀rù láti wá ná ọjà ìlú. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn baba wa gbọ́n ju ìyá yìí lọ. Ọjà tiwọn ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ ni.

Àwọn tó dá ọjà sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lókè òkun náà mọ̀ pé ọjà kò lè wà láìsí Pàràkòyí. Ní eBay, ẹni tó bá rajà máa ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀ nípa ẹni tó tà á, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè kà á. Ní Ṣáínà, nígbà tí àwọn oníbàárà ń bẹ̀rù láti rajà lórí Taobao, wọ́n gbé Alipay kalẹ̀ ní 2004. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn: owó oníbàárà á dúró sọ́wọ́ ẹni àárín. Òǹtajà á rí i pé owó ti wà nílẹ̀, á fi ọjà ránṣẹ́. Ìgbà tí oníbàárà bá ní ọjà ti tẹ òun lọ́wọ́ ni owó á tó lọ sọ́dọ̀ òǹtajà. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Kì í ṣe idán. Ẹni tó bá ń di owó mú fún aláwìn àti olówó ní ìlú wa mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa.

Nílé tiwa ńkọ́? A ní ọ̀nà méjì tí a fi ń fowó ránṣẹ́: Flooz, àti TMoney tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí Mixx. A kò bínú sí wọn, wọ́n ti gbà wá lọ́wọ́ wàhálà púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi owó ránṣẹ́, wọ́n gba tiwọn. Bí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá yọ ọ́, wọ́n gba tiwọn. Bó jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ ni, bó sì jẹ́ owó tí olè gbà lọ́wọ́ ìyá arúgbó ni, ọ̀gá tà, ọ̀gá ò tà, owó aláàárù á pé. Àwa ń sọ pé ẹni tó bá ń gba owó ìsọ̀, òun náà ló yẹ kó gbá ọjà.

Wọ́n lè ní kò ṣeé ṣe, pé owó tó bá ti lọ ti lọ. Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà kòrónà, ìjọba dá ètò Novissi sílẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ wọn dúró ní Lomé àti agbègbè rẹ̀ tẹ nọ́ńbà káàdì ìdìbò wọn sínú fóònù, owó sì wọlé: 12.250 faransi lóṣù fún obìnrin, 10.500 fún ọkùnrin. Kò sí pé à ń tò síwájú ọ́fíìsì. Ó dára, a yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìjọba tó lè mọ̀ kíákíá pé ẹni báyìí ló ni káàdì yìí àti fóònù yìí nígbà tó fẹ́ fún un lówó, ó yẹ kó lè mọ ẹni tó ni fóònù tí owó olówó wọ̀. Ojú tó ríran lọ́sàn-án kò lè fọ́ lálẹ́.

Wọ́n tún lè ní olè ń fi káàdì ẹlòmíràn ra SIM. Lóòótọ́ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ta SIM yẹn ńkọ́? Àwa tí a ti jókòó sídìí fáìlì rí mọ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ló ń dáhùn fún ìwé. Kí wọ́n bi í.

Kì í kúkú ṣe pé kò sí òfin. Òfin nọ́ńbà 2017-007 ti ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà 2017 wà lórí òwò àti àdéhùn orí ẹ̀rọ. Òfin nọ́ńbà 2018-026 ti ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2018 wà lórí ààbò àti ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ. Iléeṣẹ́ kan náà wà tí wọ́n ń pè ní ANCy, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ààbò yìí. Lomé ló wà. Òfin wà ní èdè Faransé, iléeṣẹ́ wà ní Lomé, olè sì wà nínú fóònù ìyá tó ń sọ Yorùbá ní Atakpamé. Ẹ ò rí i pé òfin àti olè kò pàdé?

Ìyá yìí gbìyànjú. Ó lọ sí ọ́fíìsì kan, wọ́n ní kó lọ sí òmíràn. Ó lọ sí òmíràn, wọ́n ní kó lọ sí Lomé. Láti ibí dé Lomé tó nǹkan bí 160 kìlómítà lójú ọ̀nà Nationale 1. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, oúnjẹ, ọjọ́ ọjà tó máa pàdánù, gbogbo rẹ̀ láti lọ sọ ọ̀rọ̀ ní èdè tí kò gbọ́. Ẹni tí wọ́n jí 10.000 faransi rẹ̀, ṣé yóò ná 10.000 láti fi ẹjọ́ sùn? Olè mọ èyí. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí i díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ẹ wo àwọn ará ilé wa yòókù. Côte d'Ivoire ní PLCC láti 2011, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń lé àwọn tí wọ́n ń pè ní "brouteurs". Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin ńlá kan lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ní 2018, wọ́n sì ń kó àwọn oníjìbìtì tí wọ́n ń pè ní "gaymans" lọ síwájú adájọ́. A kò sọ pé olè ti tán lọ́dọ̀ wọn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹnubodè wa kò ní ògiri. Tí aládùúgbò bá ń lé akátá, tí ìwọ sì ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ọgbà tìrẹ ni akátá á sá wọ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta la fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ síwájú préfecture, àti síwájú àwọn kọ́ńsẹ́yé tí a dìbò fún ní oṣù Keje 2025, àwọn tó wá jó lẹ́nu ọ̀nà wa nígbà ìpolongo. Èkíní: kí ìjọba pàṣẹ pé tí ẹnì kan bá fi ẹjọ́ jìbìtì sùn kíákíá, kí iléeṣẹ́ tó ń fowó ránṣẹ́ di owó náà mú títí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ṣètò pé ẹni tó ń rajà lè fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni àárín títí ọjà á fi dé. Èkejì: kí tábìlì kan wà ní Atakpamé níbí, olú ìlú agbègbè Plateaux, níbi tí wọ́n á ti gba ẹjọ́ ẹni tí wọ́n jí 5.000 faransi rẹ̀, tí wọ́n á fún un ní ìwé tó ní nọ́ńbà àti òǹtẹ̀. Ẹ̀kẹta: kí ìkìlọ̀ máa jáde lórí rédíò àti nínú ọjà ní èdè tí a ń sọ, Ifẹ̀, Ewe, Kabiyè, Yorùbá.

Ó ku apá kan tó korò, a ó sì sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo akátá ló ti òde wá. Àwọn ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí a kò mọ iṣẹ́ wọn. Lánàá wọn kò ní nǹkan kan, lónìí wọ́n gun alùpùpù tuntun. Nígbà tí wọ́n wá fi owó sílẹ̀ níbi ayẹyẹ wa, ta ló bi wọ́n léèrè? A pàtẹ́wọ́ ni. A sì mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nípa wa ní ibùdókọ̀ tí wọ́n bá ti gbọ́ èdè wa: "Ànàgó, ẹ ṣọ́ra fún wọn." Baba wa fi òótọ́ ta aṣọ láwìn, ìyá wa fi òótọ́ ta ata, orúkọ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ni ọmọ kan ń fi fóònù wó lulẹ̀ láàárín alẹ́ kan. Bí a bá fẹ́ bá ìjọba wí, ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Owó tí a kò mọ orísun rẹ̀, kí ẹgbẹ́ má gbà á mọ́. Ọmọ tí a bá sì mọ̀ dájú pé ó ń lu jìbìtì, kí bàbá rẹ̀ má ṣe wá bẹ̀ wá pé ká bo àṣírí.

Ní tiwa, kí ìjọba tó dáhùn, ẹgbẹ́ lè di Pàràkòyí fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ gé apá yìí kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ẹ má san owó ọjà tí ojú ẹni tiyín kan kò tíì rí. A ní ará ní Lomé, a ní ará ní Anagokomé. Tí ọjà bá wà ní Lomé lóòótọ́, ẹnì kan nínú wọn lè gun zémidjan lọ wò ó. Òǹtajà tó bá kọ̀ kí wọ́n wá wo ọjà rẹ̀ kò ní ọjà.

Ẹ ní kí ó ya àwòrán ọjà náà lọ́tun, kí ó fi bébà tó kọ déètì òní lé e lórí. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà lè fi Google wò ó bóyá àwòrán yẹn ti wà níbòmíràn.

Kí ẹ tó tẹ kóòdù, ẹ wo orúkọ tó jáde. Tí ẹ bá ń bá Kọfí sọ̀rọ̀, tí orúkọ Amínà sì jáde, ẹ dúró. Ẹ má sọ kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó fẹ́ fún ọ lówó kò nílò rẹ̀. Ẹ má sì fi káàdì yín yá ẹnikẹ́ni láti fi ra SIM.

Tí wọ́n bá ti gba owó àkọ́kọ́, tí wọ́n tún ní ó ku owó kejì tí wọn kò sọ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dá ẹsẹ̀ dúró. Owó àkọ́kọ́ ti lè lọ, ẹ má fi èkejì wá a lọ.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú fóònù nítorí ìtìjú. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ara yín sọ, àti nọ́ńbà ìfowóránṣẹ́. Kí ẹ pe iléeṣẹ́ tí ẹ fi owó rán ní wákàtí yẹn gan-an, kí ẹ sì pe ẹgbẹ́. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì, a mọ bí a ṣe ń kọ "plainte" ní Faransé tó ṣeé kà. A ó máa kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, a ó sì máa bá ẹni tó ni ẹjọ́ lọ síbi tí wọ́n á ti gbà á. Ìwé kan ṣoṣo lè sọnù nínú dúrọ́ọ̀. Ogún ìwé tó ní déètì, tí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí, kò rọrùn láti gbàgbé. Ẹ gbà wá gbọ́, a ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí a ó kọ ni ti ìyá wa alágàrí. A ti bẹ àwọn ìyá méjì láti lọ kí i nílé, láti sọ fún un pé ẹ̀rín wa kò dára, pé a tọrọ àforíjì. A fẹ́ rí i ní ìpàdé tó ń bọ̀. Tó bá wọlé, ẹ fún un ní àga níwájú, kí ẹ sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.